Nukada Kì Í Já Iṣẹ́ Lẹ́nu

Ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àkàrà ẹja ní ìlú etíkun Sakaiminato, Nukada Tokio ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lẹ́yìn yàrá àwọn akọ̀wé. Láràárọ̀ ni ó máa ń jí àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ inú rẹ̀, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kì í rí: èyí tó ń gba ọjà wọlé, èyí tó ń ka ẹrù, èyí tó ń tẹ àdírẹ́sì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí. Nírọ̀lẹ́, á ní kí wọ́n lọ sinmi.

Èèyàn lè ní kí iṣẹ́ parí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ. Èèyàn sì lè já a lójú ẹsẹ̀. Nukada kò já ọ̀kan rí. Bí iṣẹ́ bá ti kúrò lójú ẹ̀rọ, á tẹrí ba díẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn akọ̀wé ti fi rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn.

Lọ́jọ́ tí ọ́fíìsì yóò tì fún ìsinmi ọdún, gbogbo èèyàn ń gbálẹ̀, wọ́n ń nu fèrèsé. Nukada ló ń darí wọn. Ó ń kánjú: ní agogo mẹ́fà, àwọn òbí ọkùnrin tí Chizuru ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ yóò máa retí rẹ̀ nílé oúnjẹ. Kò tíì fojú kàn wọ́n rí.

Ó ní kí àwọn iṣẹ́ lọ sinmi. Gbogbo wọn lọ, àfi èyí tó ń tẹ àdírẹ́sì.

Sonobe, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ti wọ kóòtù. Kò lè lọ kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ. Kò sì sẹ́ni tó lè lọ ṣáájú rẹ̀.

"Bàbá Nukada, ẹ já a jàre. Ebi ń pa wá."

"Ọ̀gá, ó ṣì ní nǹkan lọ́wọ́."

"Láti ìgbà yìí? Ṣé ó ń rọbí ni?"

"Àdírẹ́sì ọjà tí wọ́n máa gbé láfẹ̀mọ́jú ni. Tí a bá já a, ẹrù òtẹ́ẹ̀lì á lọ sí ọsibítù."

Akọ̀wé kan ní, "Àwọn aláìsàn náà á ṣọdún nìyẹn."

Nígbà tí agogo márùn-ún ààbọ̀ kọjá, Nukada sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìtẹ̀wé. Kuramochi tó ń tọ́jú ibẹ̀ jókòó ṣánṣán, kóòtù lórí itan. Aṣọ funfun bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Iná pupa ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mò ń dúró kí ẹ̀yin òkè kọ́kọ́ lọ ni, ọ̀gá mi."

"Bébà inú ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Mo ti kó o kúrò. Ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo nǹkan ti mọ́ ní agogo mẹ́rin."

"O ò rí iná pupa yẹn?"

"Mo rí i. Mo rò pé iṣẹ́ yín ni. Mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

Òkè ń dúró de iṣẹ́, iṣẹ́ ń dúró de bébà, ẹni tó kó bébà ń dúró de òkè. Nukada lanu láti bínú, ó rántí ẹni tó pàṣẹ, ó pa á dé.

"Ẹ̀bi mi ni. Gbé bébà wá."

Nígbà tí iṣẹ́ náà kúrò lójú ẹ̀rọ, Nukada tẹrí ba. Sonobe náà bá a tẹrí ba. Nukada bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nílé oúnjẹ, Chizuru àti àwọn àna ti jókòó. Akàn ti pọ́n nínú ìkòkò tó ń hó lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Nukada tọrọ gáfárà, ó jókòó, ó ń dúró kí bàbá ọkọ kọ́kọ́ mú.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ mú," ni bàbá ọkọ wí. "Ẹ̀yin lẹ tibi iṣẹ́ dé."

"Rárá o, ẹ̀yin ni."

"Ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́."

Omi ìkòkò ń gbẹ lọ. Chizuru wo bàbá rẹ̀, ó wo àna rẹ̀. Ó ki igi tín-ín-rín méjì tí wọ́n fi ń jẹun bọ inú ìkòkò, ó fa ẹsẹ̀ akàn tó tóbi jù yọ, ó sì ṣẹ́ ẹ.

"Bàbá, akàn yìí ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́," ó ní. "Ẹ jẹun."