Nígbà Tí Wọ́n Fòfin De Èènì

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwa mélòó kan máa ń jókòó ní kíláàsì kan ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni ní Màlété, a ó máa sọ̀rọ̀ lórí ọrọ̀ ajé àgbáyé tó dẹnu kọlẹ̀. Ojú apá òsì, ti àwọn tó ń gbèjà òṣìṣẹ́, la fi ń wò ó: àwọn báńkì ńláńlá òkè òkun ló ń ta tẹ́tẹ́, mẹ̀kúnnù ló ń forí fá a. Àwọn tó ń yá ìjọba wa lówó á ní kó yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo á gbówó lórí, ọkọ̀ akẹ́rù á tẹ̀ lé e, ebi á wọlé. Mo mọ̀ ọ́n sọ. Bí mo bá ń sọ ọ́, ohùn mi á ròkè débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá á yọjú lójú fèrèsé.

Ìyá mi ń ta ìrẹsì ní ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, ilé kan náà la sì jọ ń gbé. Bó bá ti wọn kóńgò tán fún oníbàárà, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, kò ní gbowó rẹ̀. Èènì nìyẹn. Ọwọ́ ìyá mi kéré bí ọwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ráhùn èènì rẹ̀ rí.

Nígbà tí nǹkan wá le gan-an, tí àwọn èèyàn ń fẹ̀hónú hàn nígboro nítorí ebi, àwọn tí wọ́n jọ ń ta ìrẹsì ní ọ̀wọ́ ìsọ̀ wọn ṣèpàdé, wọ́n ní èènì ti parí. Èrè orí kóńgò kan kò tó ẹ̀kúnwọ́ mọ́. Ẹni tó bá ṣì ń fi sí i ń ba ọjà àwọn yòókù jẹ́, wọn yóò sì ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ìyá mi gbà. Ìsọ̀ yẹn ló fi tọ́ wa.

Mo wà níbẹ̀ ní Sátidé tí opó kan, tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó wọ ilé ìwé, gbé abọ́ kalẹ̀. Ìyá mi wọn ìrẹsì fún un, ó fi ọwọ́ tẹ́ orí kóńgò pẹrẹsẹ, ó sì pa ẹnu àpò dé.

"Àlàájà, èènì mi ńkọ́?"

"Wọn ò jẹ́ ká fi sí i mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ebi ò tíì dé ilé tiyín, ìdí nìyẹn." Ó gbé abọ́ rẹ̀, kò kí wa kó tó lọ.

Nígbà tá a délé, ìyá mi kò jẹun. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo máa ń ṣàlàyé ní Màlété, láti orí báńkì dé orí epo. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi.

"Gbogbo àwọn tó o dárúkọ yìí, èwo nínú wọn ló ní ìsọ̀ ní Ìpàtà?"

"Kò sí."

"Èmi ni wọ́n rí. Èmi ni wọ́n á máa bínú sí."

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn kọ́mírédì ní ká gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn lọ bá àwọn onírẹsì ní Ìpàtà. Mo fárígá. Mo ní ìyá mi wà níbẹ̀, mo sì ní àwọn náà fohùn ṣọ̀kan ni, bí àwa ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe. Ó ní kí wá ni ẹni tó ń rà yóò jẹ? Àwa méjèèjì la jàre. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin ń gbé abọ́ wá sílé wa lẹ́yìn ìrun àlásárì. Mo rò pé ìyá mi ni wọ́n wá kí. Títí mo fi ṣí odidi àpò ìrẹsì tí mo rà pa mọ́ sí kíṣìnì, tí mo ti ń yangàn pé yóò gbé wa dé Iléyá. Ó ti dín dé ìdajì.

"Ìyá, ìrẹsì mi lẹ fi ń ṣe èènì?"

"Ti ọjà, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọn ò sọ ti ilé."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówó, kí wọ́n pín in?"

"Èmi wá ni olówó?"

Ó wo àpò náà. "O ní àpò ìrẹsì nílé."

Inú bí mi, mo jáde síta. Mò ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà pé sàráà kọ́ ni yóò tún ayé ṣe, pé bí gbogbo ìyá tó wà ní Ìlọrin bá tú àpò ọmọ wọn, àwọn báńkì yẹn ò ní mọ̀ pàápàá. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní. Àmọ́ nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ pípín, mi ò rò ó rí pé àpò tèmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi kò tíì dé láti mọ́ṣáláṣí nígbà tí opó yẹn wọlé. Ó gbé abọ́ rẹ̀ síwájú mi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, mo sì dìde.

Kò gbé abọ́ náà kúrò. Ó wo inú rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi.

"Ọwọ́ ìyá rẹ kéré ju tìrẹ lọ, àmọ́ èènì rẹ̀ ju èyí lọ," ó wí.

Mo tún ti ọwọ́ bọ inú àpò.