Lẹ́tà Ẹlẹ́sẹ̀

Wọ́n ń kun ọ́fíìsì wa lánàá, òórùn ọ̀dà sì gbé mi padà sí Gberefu, erékùṣù tí mo dàgbà sí. Iṣẹ́ bàbá mi ni kíkọ orúkọ sára ọkọ̀ ojú omi àti pátákó oórì. Lẹ́tà ọkọ̀ apẹja máa ń tẹ̀ síwájú bí ẹni ń sáré. Lẹ́tà tó sanra, tó ní ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ, ojú oórì nìkan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá orúkọ Ìyá Àgbà lórí pátákó, ẹsẹ̀ lábẹ́ gbogbo lẹ́tà. Ìyá Àgbà fúnra wọn jókòó tì í, wọ́n ń jẹ àgbọn! Mo lọgun: "Bàbá, wọn ò mà tíì kú!"

Bàbá mi ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà.

"Èmi ni mo ní kó kọ ọ́," Ìyá Àgbà dáhùn. Wọ́n kọjú sí bàbá mi: "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn sí i, inú yanrìn ló máa dúró sí."

Èmi ò mọ̀ pé dókítà ti sọ fún wọn pé ọjọ́ wọn ò pọ̀ mọ́.

Wọ́n bu àgbọn fún mi. "Ṣé orúkọ mi rẹwà níbẹ̀?"