Mo Lọ Bá Àlàájì Wo Ẹṣin ní Aginjù Arizona

Ìdájí ni mo jáde nílé wa ní Lithonia, ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó dí ojú ọ̀nà I-20. Àlàájì, ọkọ mi, ti jókòó sí pálọ̀ kí n tó wẹ̀ tán. Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sórí àpótí ìtìsẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì gbé àpò kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀.

“Má lọ kí ẹṣin lọ́wọ́ òfo,” ni ó wí.

Mo dúpẹ́, mo tì í sáàárín aṣọ nínú báàgì mi, mo sì bọ́ síta.

Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí lè mọ ohun tí mò ń lọ ṣe, ẹ jẹ́ kí n tò ó. Ìlọrin ni wọ́n bí Àlàájì sí, bàbá rẹ̀ sì ń sin ẹṣin. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń gun ẹṣin láìsí gàárì. Láti ìgbà tí a ti dé Amẹ́ríkà, n kò gbọ́ kí ó dárúkọ ẹṣin. Àfi ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún un, tí ìjókòó sú u, ló rí ọgbà aginjù kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀ gbígbẹ tí ìjọba ń dáàbò bò ní Arizona, níbi tí wọ́n ti ń gun ẹṣin gba àárín àwọn òkè kọjá. Ó ní òun yóò lọ. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti sọ ọ́ ní mọ́sálásí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń kí i ní “Bàbá Ẹlẹ́ṣin”.

Rìsíkátù, àkọ́bí wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Marietta, kò fara mọ́ ọn. Orúnkún tuntun, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ orí tó ti kọjá àádọ́rin. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. A pe ilé ẹṣin tó wà lẹ́bàá ọgbà náà, wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá mọ irú ara tí ẹni náà ní. Ni Àlàájì bá ní kí n lọ bá òun wò ó. Bí mo bá ní ó ṣeé ṣe, òun yóò lọ. Bí mo bá ní kò ṣeé ṣe, ó parí. Nígbà tí mò ń kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́, èmi ni mo máa ń ṣáájú lọ wo ibi tí a bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ, nítorí náà iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni. Rìsí ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí n ti bi ara mi léèrè ìdí tó fi yá a lára bẹ́ẹ̀.

Òun náà ló gbé mi lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. A kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Mummy, ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ máa sọ fún Daddy tí ẹ bá dé.”

“Kí ni mo máa sọ?”

“Pé wọn ò gbà. Finish. Pé wọ́n ní age limit.”

“Ṣé wọ́n ní in?”

“Mummy, please. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi.”

“Mo kọ́ ẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yé ẹ tán. Òwe yẹn ní kí a fi ọgbọ́n jẹ́ iṣẹ́ tí a rán wa. Kò ní kí a lọ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn.”

“Tíṣà! Ẹ tún ń mark mi láàárọ̀ yìí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé báàgì mi sílẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ní, “Mi ò fẹ́ gbé Daddy lọ sí emergency mọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀.

Ìrìn náà gùn. Àárín ọkùnrin méjì tó ga ni ìjókòó mi wà, apá wọn sì gba ibi ìgbápálé tèmi pátápátá. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran tòlótòló há láàárín, dọ́là mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń tà á. Mo jẹ ìdajì, mo di ìdajì pamọ́. Nígbà tí a fi balẹ̀ sí Tucson, ní Arizona, ẹ̀yìn mi ti gan. Aago wọn kò bá tiwa dọ́gba: ara mi ń retí oúnjẹ ọ̀sán, oòrùn tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ débi pé òógùn á ti gbẹ kí o tó mọ̀ pé o ti làágùn. Ó dà bí ọyẹ́ tó gbàgbé òtútù rẹ̀ sílé.

Ramón ni orúkọ awakọ̀ tó gbé mi, ọkùnrin kan tí irun ètè rẹ̀ ti funfun. Ó wò mí nínú dígí.

“Ẹ wá gun caballo?” Caballo ni wọ́n ń pe ẹṣin ní èdè Sípéènì, èdè tí ọ̀pọ̀ ń sọ lágbègbè náà.

“Mo wá bá ọkọ mi wò ó ni.”

“Ọkọ yín wà nílé, ẹ̀yin ló rán wá wo ẹṣin! Tí mo bá rán ìyàwó tèmi, màlúù ló máa rà bọ̀.”

“Ìyàwó yín mọ èyí tó ní wàrà nìyẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín títí tí mo fi ní kó wo iwájú.

Ọ̀nà náà dán, ó gbòòrò, kò sí kòtò. Bí a ti ń kúrò nílùú, igi tí mo mọ̀ ń dín kù, ohun tó wá gba ilẹ̀ ni saguaro. Ó jọ ọrọ́ tí a fi ń ṣọgbà yí ilé ká lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ga ju òpó iná lọ, ó sì na apá sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Ramón ní àwọn mìíràn ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, àti pé wọn kì í yọ apá títí wọn yóò fi dàgbà dáadáa. Ẹni tó bá gé ọ̀kan, ìjọba yóò mú un. Ọrọ́ tiwa ńkọ́? Bó bá ti ya dí ọ̀nà, àdá ló kàn.

Elena ni obìnrin tó ni ilé ẹṣin náà, obìnrin kúkurú kan tó wọ fìlà ẹlẹ́tí gbòòrò. Kí n tó sọ nǹkan kan, mo gbé ọkà bàbà fún un, mo sì ṣàlàyé ẹni tó fi rán mi. Ó tú àpò náà, ó wo inú rẹ̀, ó tún un dì, ó dá a padà fún mi.

“Ẹ ṣeun, màámù, ṣùgbọ́n àwọn ẹṣin mi kò lè jẹ ẹ́.”

Mo rò pé ó ń fura sí mi. Mo ní, “Oúnjẹ ẹṣin ni. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á.”

“Mo mọ̀. Ohun tí wọ́n bá jẹ níbí, inú ọgbà ni wọ́n máa yà á sí. Hóró kan tó bá bọ́ síbẹ̀ tó hù, ó ti di wàhálà. Àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà kò fẹ́ koríko àlejò.”

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kí ẹlẹ́ṣin láìmú nǹkan lọ́wọ́, ahun ni wọn yóò pè é. Níbí, ọwọ́ òfo ni ọ̀wọ̀. Mo dúró pẹ̀lú àpò náà nínú oòrùn, àfi bíi pé ìdánwò ni mo feèlì. Ramón ló yọ mí. Ó na ọwọ́ láti inú ọkọ̀, ó ní, “Ẹ mú un wá. Adìẹ ìyá mi kì í wọ ọgbà.”

Elena wá to òfin ibẹ̀ fún mi. Ẹṣin kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú nǹkan kan jáde, ì báà jẹ́ òkúta tàbí ẹ̀ka igi tó ti kú. Olúkúlùkù yóò gbé omi ara rẹ̀, yóò sì dé akoto. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni àsìkò tó dára fún àgbà, nítorí ooru, wákàtí kan ló sì tó wọn. Mo béèrè ọjọ́ orí. Ó ní kò sí ìdíwọ́ níbẹ̀, bí ẹni náà bá ti lè gòkè, tó sì lè sọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo ní, “Orúnkún ọkọ mi kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni.”

“Ẹsẹ̀ wo?”

“Òsì.”

“Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò ti gùn ún nìyẹn. Biscuit gbà bẹ́ẹ̀.” Ó nawọ́ sí ẹṣin pupa kan tó ń sùn lóòró.

N kò ní purọ́: inú mi kò dùn. Orúnkún yẹn ni mo fi ọkàn tẹ̀ pé yóò jẹ́ ìdáhùn mi. Mo tún wá ìdí mìíràn. Mo ní, “Bí nǹkan bá ṣe é láàárín ọ̀nà ńkọ́?”

“Mọ́tò kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Yóò sọ̀, yóò jókòó, a ó sì ránṣẹ́. Àpótí onígi wà níbí tí a fi ń gòkè. Ibẹ̀ kò ní àpótí. Sísọ̀ ni kí ẹ wò, màámù. Ṣé kí n gbé yín gùn ún?”

Èmi, Ìyá Rìsí, tí n kò gun kẹ̀kẹ́ rí! Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n rán wá wo nǹkan kò lè dúró lókèèrè. Mo ti wọ ṣòkòtò wá. Mo dé akoto lé orí ìborùn mi, mo ṣe Bísímílà, mo gùn ún láti ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni pé èmi ni Àlàájì.

A rìn wọ inú ọgbà, Elena níwájú. Fún ìgbà pípẹ́ n kò rí nǹkan kan àyàfi etí Biscuit. Ìbàdí mi ń ké. Nígbà tó yá, mo gbé ojú sókè. Àwọn òkè náà jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n rí bí eérú láàárín ooru, kò sí ariwo ọkọ̀, kò sí ẹni tó ń pè mí, àfi ìró pátákò lórí òkúta. Ó wù mí kí Àlàájì gbọ́ ọ. Ó sì bí mi nínú pé ó wù mí.

Láàárín ọ̀nà Elena ní, “Ẹ sọ̀.” Ilẹ̀ jìnnà ju bí mo ti rò lọ. Ó ní kí n yọ ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nínú irin gàárì tí wọ́n wà, kí n dojú ikùn lé gàárì, kí n rọra yọ̀ wálẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó le kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti kan ilẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Àlàájì ń sọ̀ láràárọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì gíga tí Rìsí rà fún wa.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Rìsí pè mí ní hòtẹ́ẹ̀lì. “Mummy, kí ni wọ́n sọ?”

“Mo ń bọ̀ lọ́la.”

“Ẹ̀yin náà! Ṣé ẹ máa rántí ohun tí mo sọ?”

“Rìsíkátù, ó rẹ̀ mí.” Òótọ́ ni. Itan mi méjèèjì ti le bí igi. Nínú ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ kejì, mo tún un rò lọ, mo tún un rò bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “Wọn ò gbà,” yóò fún gbogbo ilé nísinmi. Ta ni yóò lọ bi Elena?

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lórí I-20 fi ìyókù agbára mi tán. Nígbà tí mo wọlé, Àlàájì ti se ìrẹsì, ó sì ti bu omi tútù sílẹ̀. Ó béèrè ọkọ̀, ó béèrè hòtẹ́ẹ̀lì, ó béèrè ohun tí mo jẹ. Kò béèrè ẹṣin. Ìgbà tí mo jẹun tán ló tó sọ ọ́, tí kò sì wo ojú mi.

“Ó dáa. Wọn ò gbà, àbí?”

“Wọ́n gbà. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa ti gùn ún. Wákàtí kan, kì í ṣe méjì. Àsìkò òtútù. Ẹ óò sì sọ̀ bí ẹ ti ń sọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. “Mo rò pé wàá ní wọn ò gbà ni.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́?”

“Mo ti fẹnu sọ ọ́ ní mọ́sálásí. Bí èmi bá ní mi ò lọ mọ́, wọ́n á fi mí ṣẹ̀fẹ̀ dọdún. Bí ìwọ bá ní wọn ò gbà, ó tán. Ìyá Rìsí, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ wá rán mi láti Lithonia dé Arizona pé kí n lọ bá yín wá ‘rárá’?”

“Rìsí náà ńkọ́? Kí ló ní kí o mú bọ̀?”

“‘Rárá’ náà ni.”

“Ìwọ alára?”

“Èmi náà. Mo wá a débi pé mo gun ẹṣin.”

“O gun kí ni?” Ó ju ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí. Ẹ̀rín mú wa débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó tán, mo sọ fún un pé lílọ àti àìlọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má fi ẹnu mi sọ ọ́.

Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi ni pé ẹni tí a bá rán lọ wo nǹkan, ohun tó rí ni kí ó mú bọ̀. Kí ó má gbìyànjú láti mọ èyí tí ẹni tó rán an ń fẹ́, nítorí ẹni náà gan-an lè má tíì mọ̀ ọ́n.

Àlàájì gbé fóònù, ó pe Rìsí. “Ìyá ẹ ti dé. Wọ́n gbà.” Mo gbọ́ igbe Rìsí láti ibi tí mo jókòó sí. Ó dúró kó pariwo tán. “Rárá, fi ìyá ẹ sílẹ̀. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì máa lọ. Gba àyè níbi iṣẹ́ lóṣù Kọkànlá, kí ìwọ nọ́ọ̀sì wá dúró tì mí.”

Mo bọ́ bàtà mi, mo gbọn iyanrìn inú rẹ̀ síta, mo sì lọ dùbúlẹ̀.