Ọjọ́ Tí A Tún Ilé Ṣe De Àwọn Ará Àbújá

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ Màmá, ilé rẹ̀ ni ilé kẹta sí etí kòtò ọ̀gbàrá tó wà lẹ́yìn Ìgàndó lọ́hùn-ún. Nígbà tí a ó fi lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀kẹta, òun ló ti di ilé àkọ́kọ́. Màmá ò kó kúrò níbi tó wà o. Àwọn ilé méjì tó wà níwájú tirẹ̀ ni kòtò ti gbé mì, ọ̀kan nínú òjò ọdún kan, ìkejì nínú òjò ọdún tó tẹ̀ lé e.

Tíṣà ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Èkìtì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, tíṣà ni ọkọ náà. Owó oṣù ni wọ́n fi kọ́ ilé yẹn, búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lọ́dún yìí, díẹ̀ lẹ́yìn ọdún kejì. Ọkọ kú kí wọ́n tó rẹ́ ògiri ìta. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iwájú ilé òun ni kí wọ́n sin òun sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí, lábẹ́ igi ọsàn. Iwájú ilé yẹn gan-an ni kòtò ń bọ̀ wá bá. Nítorí náà, bí Màmá bá ní kí ìjọba gba òun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ló ń sọ.

"Ilé ṣeé fi sílẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ẹni tó sùn síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n máa wò ó kí omi gbé e lọ ni?"

Akọ̀wé ni mí ní káńsù wa. Èmi ni mo máa ń gbé fáìlì tẹ̀lé alága lọ sí Àbújá. Kòtò yẹn ti ju agbára káńsù lọ. Bí a bá da gbogbo owó tó ń wọlé fún wa sínú rẹ̀, kò ní kún. Ohun tí à ń wá ni pé kí ìjọba àpapọ̀ kọ àdúgbò wa mọ́ àwọn ibi tí ọ̀gbàrá ń jẹ, kí wọ́n lè yọ owó síbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí á lọ kọ̀wé wá. Nígbà kejì, wọ́n ní ìwé wa ò tíì dé orí tábìlì ọ̀gá. Nígbà kẹta ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbà wá wọlé. Alága wa, tí mi ò rí i kó tẹríba fún ẹnikẹ́ni rí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì náà, tòun ti agbádá.

"Ẹ dìde, Alága," ni ọ̀gá wí. "Àwọn èèyàn mi á wá fojú ara wọn wò ó. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa kọ."

Mo gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n etí lásán ni mo fi gbọ́ ọ.

Bí a ṣe dé, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Màmá, àwọn ará Àbújá ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Ó di orí mú. "Ará Àbújá? Ojúde tiwa yìí? Inú ẹrẹ̀ yìí náà ni wọ́n máa fi bàtà wọn tẹ̀?"

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí àlejò bá ń bọ̀, à á gbálẹ̀, à á gbé ìkòkò tó jò pamọ́ sẹ́yìnkùlé. Ebi lè máa pa onílé, àlejò ò gbọdọ̀ mọ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn onílé dáwó, típà da iyẹ̀pẹ̀ pupa sí ojú ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin rọ yanrìn sínú àpò ìrẹsì, wọ́n tò ó sí etí kòtò títí tí ẹ ò fi ní mọ bí ó ti jìn tó. Màmá pe bíríkìlà, ó ní kó dí gbogbo ibi tí ògiri ti sán, kó sì fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú ni mo lọ wò ó. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kan nínú ìdílé tó ni ilẹ̀ àdúgbò náà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Akọ̀wé, ó ku ìwọ o. Lọ kun bàtà rẹ jàre, kí o má baà dójú tì wá lọ́la."

"Bàbá, bàtà mi sàn ju fìlà yín lọ o."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi tí mo mọ ohun tí ọ̀gá wí, ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn.

Àwọn mẹ́ta ló wá láti Àbújá lọ́jọ́bọ̀ náà. Ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni olórí wọn. Ó rin orí iyẹ̀pẹ̀ pupa náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó wo àwọn àpò yanrìn.

"Ta ló kó ìwọ̀nyí síbí?"

"Àwa ni, sà!" Bí ẹni tó gba ipò kìíní ni àwọn onílé ṣe dá a lóhùn.

Ó ń kọ̀wé. Ó yíjú sí Màmá, ó bi í bóyá ara tù ú nínú ilé náà. Màmá kúnlẹ̀, ó ní, "À ń dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀." Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ta ni í fi ẹkún pàdé àlejò? Ó gbé omi tútù fún wọn. Kò fi sàréè hàn wọ́n. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lè sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n mo rò pé fáìlì á sọ ọ́.

Òjò méjì péré ló kó iyẹ̀pẹ̀ àti àpò náà lọ. Kò pẹ́ sí i ni ìwé dé láti Àbújá. Wọ́n yin àdúgbò wa: wọ́n ní àwọn aráàlú ti ń kápá ọ̀gbàrá náà fúnra wọn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò tíì di kánjúkánjú, àwọn ibi tó burú jù ú lọ ló kàn. Alága ní a ó tún padà lọ. Èmi ni mo mú ìwé náà lọ kà fún Màmá. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún un kà fúnra rẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà tó ń ṣe máàkì.

"Wọn ò purọ́ mọ́ wa," ló wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n kun ògiri."

"Màmá, èmi ló yẹ kí n ti kìlọ̀ fún yín."

"Ká ní o kìlọ̀ ńkọ́? Ṣé mo lè jẹ́ kí àlejò bá ilé ọkọ mi báyẹn ni?"



Lọ́sẹ̀ tí igi ọsàn wó sínú kòtò, àwọn ọmọ Màmá wá láti Èkìtì pẹ̀lú pósí tuntun. Àárọ̀ ni wọ́n hú sàréè náà. Màmá jókòó sórí àga níta, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Nígbà tí wọ́n gbé bàbá wọn sínú mọ́tò tán, ó dìde, ó lọ jókòó síwájú mọ́tò náà.

Kò sí ohun tí Yorùbá ò ní ìkíni fún. A ní ti òjò, a ní ti oòrùn, a ní ti ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà, mò ń wá èyí tí wọ́n fi ń kí obìnrin tó ń kó ọkọ rẹ̀ kúrò nínú ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́. Màmá wo ẹnu mi, ó ń retí. Mo gbé báàgì rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, mo rọra ti ilẹ̀kùn.