Èékánná Odídẹrẹ́ Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Japara, èmi ni mo gé èékánná odídẹrẹ́ ìyá àgbà wa títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ẹ̀yin àbúrò mi, wọ́n sọ fún yín pé bàbá aládùúgbò wa ló ṣe é. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an.

Lágílágí ni bàbá wa àgbà nígbà ayé wọn. Igbó apá Ogun Waterside ni wọ́n ti mú ẹyẹ náà wálé. Nígbà tí wọ́n kú, ohùn wọn ṣẹ́ kù sẹ́nu ẹyẹ. Tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, odídẹrẹ́ á húkọ́ bí bàbá àgbà ṣe máa ń húkọ́, á wá ní, "Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?" Ìyá àgbà á dá a lóhùn pé àwọn ti jẹun, kódà bí wọn ò tíì fi nǹkan kan ẹnu.

Bí èékánná ẹyẹ náà bá ti gùn, bàbá aládùúgbò wa ni wọ́n máa ń pè. Ìyá àgbà á fi ìró wé ẹyẹ mọ́ra, bàbá á máa fi ewé eépín, ewé tó ń ha ni lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń fọ igbá, rọra ha èékánná àti ṣóńṣó ẹnu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bàbá kì í lo ọ̀bẹ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń rìn nínú èékánná ẹyẹ.

Èmi ní tèmi, mo fẹ́ kí ẹyẹ náà máa bà lé mi léjìká kí n fi ṣe fújà lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ọjọ́ kejì tí bàbá ha á tán, ó ṣì ń gún mi lára. Ìyá àgbà ti lọ sọ́jà. Mo mú abẹ tí wọ́n fi ń fá orí wa, mo gé èékánná náà. Ó bù mí jẹ. Mo tún gé ṣóńṣó ẹnu rẹ̀. Ni ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Nílé wa, bí ọmọdé bá fara gé, kẹrosíìnì ni wọ́n ń ta sójú egbò. Mo da kẹrosíìnì sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ sì mọ ẹyẹ: ibi tó bá ń dùn ún, ibẹ̀ náà ni yóò máa fi ẹnu tọ́ wò; ó sì ń gbé kẹrosíìnì náà mì.

Ìyá àgbà dé, wọ́n bá ẹyẹ tó wó sísàlẹ̀ àgò rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ló fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Bàbá ló ṣe é lánàá."

Bàbá sì ṣe é lánàá lóòótọ́. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ẹyẹ fi kú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá. Ìyá àgbà ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ẹ ti pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì." Bàbá gbé òkú ẹyẹ náà sókè, wọ́n wo ojú ibi tí abẹ gbà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá wò mí. Mo gbójú sílẹ̀. Bàbá kọjú sí ìyá àgbà.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Tẹ́lẹ̀, bí a bá pa àgbò Iléyá, abọ́ kan máa ń lọ sílé bàbá. Bó bá di Kérésì, ìrẹsì tiwọn á dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tán síbẹ̀. Bí bàbá bá kí wọn, ìyá àgbà á kọjú ságbàlá. Ọjọ́ tí a sin ìyá àgbà, etí títì ni bàbá dúró sí títí a fi bo sàréè. Wọn ò wọ ọgbà wa.

Ayé ti yí báyìí. Ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sin ẹyẹ nínú yàrá, fóònù ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gé èékánná rẹ̀. Ta ló tún ń pe aládùúgbò?

Mamu ni bàbá wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin. Bí ọ̀kadà mi bá gbé mi gba ibẹ̀, mo máa ń yà kí wọn. Wọ́n á gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n á ṣàdúrà fún mi, èmi á máa ṣe àmín. Ìyá àgbà tó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ti wà nínú sàréè. Bàbá ló kù, mo ṣì jẹ wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà.