Ẹ̀gà Funfun Orí Ọ̀pẹ Wa

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìgándò, ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí àwọn ẹ̀gà ti sọ di ìlú wọn. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń pariwo, tí wọ́n ń ya imọ̀ ọ̀pẹ fi hun ìtẹ́. Gbogbo wọn ló pupa rúsúrúsú bí a ṣe mọ ẹ̀gà sí, àfi ẹyọ kan tó dé lọ́dún kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Òun funfun báláú, láti orí dé ìrù.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nílé ọkọ, ló bá padà sọ́dọ̀ wa. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kì í sì í fẹ́ jẹun. Lọ́jọ́ náà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Wò ó. Ṣé ìwọ náà ń rí i?"

"Mo rí i, àǹtí."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti rò pé ojú òun nìkan ló ń rí nǹkan.

Àwọn ẹ̀gà yòókù kò gba ẹyẹ náà mọ́ra. Bó bá hun ìtẹ́, wọ́n á tú u. Àǹtí mi á bọ́ síta, á máa sọ òkò lù wọ́n: "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre! Kí ló fi ṣe yín?" Ìgbà yẹn ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Síbẹ̀, ìyá mi sọ fún bàbá mi pé bí àǹtí ṣe ń wo ẹyẹ yẹn ń ba òun lẹ́rù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá mi ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tí àǹtí mi lọ sọ́jà Ìkòtún ni àwọn tó rà á wá gé ọ̀pẹ náà. Nígbà tó fi dé, ìtẹ́ ti fọ́n ká ilẹ̀. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń tú wọn wò. Kò rí ìyẹ́ funfun kankan.

"Bọ̀dá mi, ibo ló gbà lọ?"

Bàbá mi ní òun kò wo òkè.

Láti ìgbà náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àǹtí mi á máa rìn nínú igbó tó lọ sódò, á máa súfèé. A máa ń gbọ́ ọ láti inú ilé. Bó bá dákẹ́, gbogbo wa á dáwọ́ oúnjẹ dúró títí á fi tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó padà sílé ọkọ, ó sì bímọ mẹ́ta. Àmọ́ títí tó fi kú, bó bá wá kí wa, ẹ̀yìnkùlé ló ń kọ́kọ́ lọ. Á gbójú sókè sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ síbẹ̀.

Lónìí, ilé ti kún igbó yẹn dé etí odò. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ń jí wa. Ọmọ-ọmọ mi bi mí láìpẹ́ yìí pé báwo ni ẹ̀gà ṣe ń ké. Mo lanu láti ṣe é fún un. Ohùn wọn ti kúrò létí mi.