Ṣọ́ọ̀bù Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin di gíwá yunifásítì, ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé kò sí ìlú tó rí rúdurùdu tí kò lè tò kó gún régé. Mo kà á sókè fún Mọ́mì wa nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Festac, níbi tí wọ́n ti ń to búrẹ́dì sórí káńtà.

“Ẹni tí kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀,” ni wọ́n wí. Wọ́n sì ní kí n tún ibẹ̀ kà.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló rán an nílé ìwé. Inú kúlóòsì la ń gbé, ìyẹn òpópónà kékeré tó parí sí ìdí ògiri, tí ọkọ̀ kò lè gbà kọjá. Kúlóòsì Festac jọra wọn ju bó ṣe yẹ lọ: ilé kan náà, fèrèsé kan náà, nọ́ńbà tí òjò ti fọ̀ nù lára pátákó. Ilé wa ni àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Níwájú rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó wà láàárín ilé àti títì, ni bàbá wa kan ṣọ́ọ̀bù onípákó sí kí wọ́n tó kú. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, nítorí ọ̀dà tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ohun kan náà la máa ń sọ fún àlejò tó bá ń bọ̀: “Tẹ́ ẹ bá ti rí ṣọ́ọ̀bù yẹ́lò, ẹ ti dé.”

Ìmọ̀ ìṣètò ìlú ni ẹ̀gbọ́n mi lọ kà. Lọ́dún tó fẹ́ jáde, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní kó ya àdúgbò kan bó ṣe yẹ kó rí, ó sì ya kúlóòsì wa. Àwòrán náà dára. Ó ya gọ́tà, ó ya ibi ìjókòó, ó tilẹ̀ ya ajá aládùúgbò wa. Mọ́mì fi ìka tọ ọ̀nà dé iwájú ilé.

“Ṣọ́ọ̀bù mi dà?”

“Igi ló wà níbẹ̀, Mọ́mì. Ilẹ̀ ìta ni. Gbogbo ènìyàn ló ni ín.”

“Ṣé igi yẹn ló ń bọ́ ẹ?”

Síbẹ̀, wọ́n fi gíláàsì sí i, wọ́n gbé e kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, lókè fíríìjì. Gbogbo oníbàárà ni wọ́n ń fi hàn pé ọmọ àwọn ló ya ìlú yìí. Bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe gbé àwòrán tó ti lé e kúrò nílùú sáyà nìyẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sókè òkun, ó padà, ó di olùkọ́, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti gbọ́ ọ tán: kí oníkálukú fi ilẹ̀ ìta sílẹ̀. Tó bá wá sílé ní Sátidé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù, á máa mu mínírà tútù tí kò sanwó rẹ̀, á sì máa ṣàlàyé fún Mọ́mì ìdí tí kò fi yẹ kí ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Mọ́mì á ní kó gbé ẹsẹ̀ kí àwọn gbálẹ̀. Nígbà tó di gíwá, ó kó àwọn ìsọ̀ iwájú géètì yunifásítì kúrò, ó gbin òdòdó síbẹ̀. Mo bi í bóyá òdòdó ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa jẹ sùn. Ó ní n kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹwà ìlú. Lóòótọ́, n kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ilẹ̀ ìta ládùúgbò wa. Wọ́n fẹ́ wó wọn. Ẹ̀rù bà mí nítorí Mọ́mì. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ènìyàn ni wọ́n ń rí níbẹ̀ ju ọjà tí wọ́n ń tà lọ: ọmọ tó ti ilé ìwé dé tó ń dúró de ìyá rẹ̀, awakọ̀ táńkà tó ń yà kí wọn kó tó kọjá sí Satellite Town. Bí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá lọ, inú yàrá nìkan ló kù tí wọ́n á máa jókòó sí. Ṣùgbọ́n ọkàn tiwọn balẹ̀.

“Gíwá á bá wọn sọ ọ́,” ni wọ́n ń wí fún àwọn ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Èmi àti Gíwá la jọ lọ sí ọ́fíìsì tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀gá ibẹ̀ ṣe rí i, ó fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Inú mi dùn, mo ti gbà pé ó ti bọ́ sí i.

“Prọ́fẹ́sọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà,” ni ọkùnrin náà wí. “Ẹ̀kọ́ yín la fi ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ìta, gbogbo ènìyàn ló ni ín.”

Ojú ẹ̀gbọ́n mi wá dà bí ti ẹni tó se ọbẹ̀ fúnra rẹ̀, tó tọ́ ọ wò, tó rí i pé iyọ̀ ti pọ̀ jù.

“Ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì mi wà níbẹ̀,” ló rọra wí.

“Ìyẹn ò le, sà. A máa pa àmì tiwọn rẹ́.”

“Àwọn ìyá tó kù ńkọ́?”

“Àwọn yẹn ò bí gíwá, sà.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ má pa á rẹ́.”

Inú bí mi. Ìbínú náà kò tán títí a fi la Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kọjá délé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló wá rántí ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ àwòrán rẹ̀, ó sọ bó ṣe lọ.

“Wọ́n fẹ́ fi tèmi sílẹ̀, kí wọ́n wó tàwọn yòókù?” ni Mọ́mì bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.”

Wọ́n wo ṣọ́ọ̀bù àwọn ìyá yòókù lóde. “Ojú wo ni mi ò bá fi máa wò wọ́n? O ṣeun.” Wọ́n wá tọ́ka sí àwòrán. “Ṣé wàá gbin igi yẹn ṣá?”

Ó ní òun á gbìn ín kí àsìkò òjò tó parí. Gíwá kúkú ni, ìpàdé kò jẹ́ kó wá. Ìjọba wó ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú tàwọn yòókù, a gbé àwòrán lọ kọ́ sí pálọ̀, àsìkò òjò sì parí láìsí igi.

Lọ́sàn-án Sátidé kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti ń yí po áfẹníù wa, òun kò rí kúlóòsì wa mọ́.

“Gbogbo wọn ló jọra,” ló wí, àfi bíi pé èmi ni mo kọ́ wọn.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ìlú, nínú ọkọ̀ gíwá, kò rí ilé ìyá rẹ̀. Ó wù mí kí n fi í sílẹ̀ kó máa yí.

Nígbà tí mo sọ fún Mọ́mì, wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ dúró sínú oòrùn lórí ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè. Ọkọ̀ náà kọjá, ó dúró, ó fi ẹ̀yìn rìn padà. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó wo ilé, ó wo ilẹ̀ tí Mọ́mì dúró lé, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Mọ́mì, ibi tí mo ya igi sí nìyí.”

“Mo mọ̀,” ni Mọ́mì wí. “Èmi ni mò ń bá ẹ di àyè ẹ̀ mú.”